Iṣẹ́ Pọ̀ Lọ́wọ́ Aago Yìí

Ẹni tó bá máa ń wọ dánfó l'Ọ́ṣòdì ní ìrọ̀lẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ èrò fi ń ti fóònù wọn bọ ìsàlẹ̀ báàgì. Inú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ni àwọn tó ń já fóònù gbà lójú fèrèsé ti ń ṣọṣẹ́. Bí ìpè bá wọlé nírú àsìkò yẹn, ẹni tó so smartwatch mọ́wọ́ kò ní í tú báàgì rárá. Aago á gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó ń pè á yọ, òun náà á sì mọ̀ bóyá ìpè tó lè dúró dilé ni, tàbí èyí tó yẹ kó torí ẹ̀ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ẹyọ kan nìyẹn nínú iṣẹ́ tí aago yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó rà á, kí wọ́n ṣáà ti fi wo àsìkò, kí wọ́n fi ka ìṣísẹ̀, ó parí. Ó dunni, torí owó àwọn iṣẹ́ yòókù ti wà nínú iye tí wọ́n san ní Computer Village n'Íkẹjà. Ọjà náà kì í sì í ṣe tuntun mọ́. Ọdún 2012 ni àwọn tó ṣe aago Pebble kó owó tó lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là jọ lórí Kickstarter, ìkànnì tí wọ́n ti ń tọrọ owó lọ́wọ́ ará ìlú láti fi ṣe ọjà tuntun. Apple Watch bọ́ sọ́jà ní oṣù Kẹrin ọdún 2015. Lónìí, Oraimo, Xiaomi, Amazfit àti Samsung wà lórí àtẹ, olówó ńlá àti olówó kékeré ló ń rí tiẹ̀ rà.

Orí fóònù ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, nínú áàpù tí aago náà ń lò. Ẹni tó bá ṣí i dé ibi àtẹ̀jíṣẹ́ á rí orúkọ gbogbo áàpù tó wà lórí fóònù rẹ̀, tí wọ́n tò léra wọn, pẹ̀lú bọ́tìnnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ìkíni òwúrọ̀ látinú WhatsApp ẹbí, àdúrà látinú ti ìjọ, àríyànjiyàn bọ́ọ̀lù látinú ti àwọn tí wọ́n jọ ka ìwé, gbogbo wọn ni yóò máa gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kò ní í pẹ́ tí yóò fi bọ́ aago jù sínú dúrọ́ọ̀. Ìpè, àtẹ̀jíṣẹ́ báńkì, àti bóyá ti ọmọ tàbí òbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣeé fi falẹ̀: ìwọ̀nyí tó. Ti báńkì yẹn ṣe pàtàkì gan-an. Ẹni tí wọ́n ń fa owó rẹ̀ yọ láìmọ̀, tí álàátì bá gbọ̀n ọ́n lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, á tètè tẹ nọ́ńbà tí báńkì fi sílẹ̀ fún títi àkáǹtì pa kí wọ́n tó gbá ìyókù lọ.

Bó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo la fẹ́ mú nínú gbogbo rẹ̀, álààmù tó ń gbọ̀n láìdún ló yẹ ká mú. Ìyá ọmọ tó fẹ́ jí dáná sààrì nínú oṣù Ràmàdáánì á dìde láìjẹ́ pé ọmọ ọwọ́ ta jí. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo rí i pé ó wúlò fún jù. Oògùn rẹ̀ kò fẹ́ ìgbàgbé. Ojoojúmọ́ ni, bí ara tilẹ̀ le koko. Kí ọmọ rẹ̀ bá a ṣe é kó máa gbọ̀n ní aago méje àárọ̀ lójoojúmọ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, ó sì sàn ju kéèyàn máa wo iye ìgbà tí ọkàn ń lù láti àárọ̀ dalẹ́.

Aago tún ń bá èèyàn wá fóònù. Bí iná bá lọ lóru, tí fóònù sì ti há sáàárín bẹ́ẹ̀dì, èèyàn á tẹ àmì fóònù lójú aago, fóònù á sì ké. Bluetooth ló ń gbé e ṣiṣẹ́ lórí ọ̀pọ̀ aago, nítorí náà inú ilé ló mọ. Bí olè bá ti gbé e dé òpópónà, aago kò lè pè é mọ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣísẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ aago ló ń béèrè 10,000 lọ́wọ́ ẹni tó ni ín lójúmọ́, ẹni tí kò bá sì pé e á máa ronú bíi pé ó jẹ gbèsè. Kì í ṣe dókítà ló mú nọ́ńbà yẹn wá. Ọdún 1965, ọdún tó tẹ̀lé ìdíje Òlíńpíìkì ìlú Tokyo, ni ilé-iṣẹ́ Yamasa ní Japan fi í polówó ohun èlò tó ń ka ìṣísẹ̀. Ní 2019, I-Min Lee ti Yunifásítì Harvard àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí àwọn àgbà obìnrin tó lé ní 16,000, tí ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ nǹkan bí ọdún 72. Àwọn tó ń rin nǹkan bí 4,400 lójúmọ́ kò kú tó àwọn tó ń rin 2,700, àǹfààní náà sì ń pọ̀ sí i títí dé nǹkan bí 7,500, ibẹ̀ ló ti dúró. Nítorí náà, kí ìyá àgbà wọ inú áàpù, kó dín nọ́ńbà náà kù sí ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè gbé. Aago kò ní í bínú.

Ẹ bọ́ aago náà, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Iná àwọ̀ ewé tó ń ṣẹ́jú níbẹ̀ ló ń ka ọkàn. Ẹ̀jẹ̀ a máa gbé irú ìmọ́lẹ̀ yẹn mì: bí ọkàn bá lù, ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i nínú iṣan, ìmọ́lẹ̀ tó padà sára aago á dín kù, aago á sì fi kà á. Ìdí nìyí tí okùn tó dẹ̀ fi ń sọ ìsọkúsọ. Kó fún mọ́wọ́ díẹ̀, kó sì ga ju eegun ọrùn ọwọ́ lọ ní ìwọ̀n ìka kan.

Ti atẹ́gùn inú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn aago kan náà ń wọ̀n, gba ìṣọ́ra ju èyí lọ fún àwa aláwọ̀ dúdú. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, àwọn dókítà Yunifásítì Michigan kọ ọ́ pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka ní ọsibítù pàápàá máa ń kùnà láti rí i pé atẹ́gùn ti lọ sílẹ̀ lára àwọn aláìsàn aláwọ̀ dúdú, ní ìlọ́po bíi mẹ́ta ti àwọn aláwọ̀ funfun. Bí tọsibítù bá ṣe báyìí, kí ẹni tí kò rí èémí mí dáadáa má ṣe jókòó sílé torí pé aago kọ 98, bíi pé kò séwu.

Bátìrì náà ní tiẹ̀. Wákàtí 18 ni Apple ṣèlérí lórí ọ̀pọ̀ aago tó ti ṣe; àwọn báńdì Xiaomi kan ń lo nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Níbi tí iná kò ti dájú, èyí tó ń pẹ́ ló dára jù. Ẹ pa ojú aago tó ń tàn láìsinmi, kí ẹ sì máa fi sí iná nígbà tẹ́ ẹ bá ń wẹ̀, torí omi gbígbóná àti ọṣẹ kì í bá rọ́bà tó ń dènà omi lára rẹ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ó ku èyí tó lè gbẹ̀mí èèyàn. Àwọn aago kan wà lọ́jà tí wọ́n ní ó ń wọ̀n ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ láìgún ẹnikẹ́ni lábẹ́rẹ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé kò sí aago tàbí òrùka kankan tí àwọn fọwọ́ sí fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń gba abẹ́rẹ́ insulin, tó sì fi nọ́ńbà irọ́ díwọ̀n rẹ̀, lè dákú láàárín wákàtí mélòó kan. Bí àtọ̀gbẹ bá ń bá ẹnikẹ́ni nínú ilé yín fínra, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá a tọ́jú ẹ̀rọ tó ń gba ẹ̀jẹ̀ orí ìka, kí ẹ sì jẹ́ kí aago máa rán an létí àsìkò tó yẹ kó lò ó.