Orin Wo Ni A Ó Fi Wọ Ṣọ́ọ̀ṣì?

Bí a bá ń múra ìgbéyàwó ní agbègbè wa, aṣọ, oúnjẹ àti iye àlejò ni ẹbí máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Orin ṣọ́ọ̀ṣì kì í sí nínú wọn. Ẹgbẹ́ akọrin ni a máa ń fi í lé lọ́wọ́, ohun tí wọ́n bá sì mọ̀ ni a ó gbọ́. Àwa náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀, bí kì í bá ṣe ti ìyá àgbà.

Olùkọ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ni àwa méjèèjì. Ọmọ Pobẹ̀ ni ọ̀kan nínú wa, ọmọ Sakẹ́tẹ́ ni èkejì. Ọ̀nà kan náà ló so ìlú méjèèjì pọ̀, ojú irin àtijọ́ tó ti Àjàṣẹ́ wá sì kan àwọn méjèèjì pẹ̀lú. Ìjọ Kátólíìkì ní Sakẹ́tẹ́ ni a ti fẹ́ gba ìbùkún, nínú oṣù kẹjọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ìsinmi. Nígbà tí a lọ fi ọjọ́ náà tó ìyá àgbà ti Pobẹ̀ létí, àwọn tí ọjọ́ orí wọn ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ní: «Ẹ̀yin ẹ máa lọ, n ó dúró dè yín nílé. Ìgbà tí mo lọ ti ẹ̀gbọ́n yín, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ níbẹ̀.» Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Ní ọjọ́ náà, Faransé àti Látìn ni a fi kọ gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ìyá àgbà sì jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó ń wo òjò láti ojú fèrèsé.

Bàbá ìyàwó, ní tiwọn, ní ohun tí wọ́n ń fẹ́. «Ìrìn ìgbéyàwó» ti Mendelssohn ni wọ́n fi sin wọ́n jáde nígbà tiwọn, lórí dùùrù onífẹsẹ̀tẹ̀ kan tí ohùn rẹ̀ ti há. Lójú wọn, ẹni tí kò bá gbọ́ orin náà kò tíì gbé ìyàwó tán. Bí a ṣe wà láàárín àgbà méjì nìyẹn: ọ̀kan kò fẹ́ wá bí orin bá jẹ́ ti òyìnbó nìkan, èkejì kò fẹ́ gbà bí ti òyìnbó kò bá sí.

A bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí, nítorí iṣẹ́ olùkọ́ ti sọ èyí di àṣà fún wa. Ìyàlẹ́nu ni ohun tí a rí. Orin tí Mendelssohn kọ ní ọdún 1842 kì í ṣe orin ṣọ́ọ̀ṣì rárá. Orin eré orí ìtàgé ni, fún eré Shakespeare kan tí àwọn iwin inú igbó kún inú rẹ̀. Ìgbà tí ọmọbìnrin Ayaba Victoria fi í ṣe ìgbéyàwó ní 1858 ni gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé e. Orin tí a fi ń mú ìyàwó wọlé, èyí tí Wagner kọ, tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú Lohengrin ló ti wá, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní ìlú Weimar ní 1850. Níbẹ̀, ìgbà tí ìgbéyàwó ti parí, tí a ń sin tọkọtìyàwó lọ sí yàrá, ni wọ́n ń kọ ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ọkọ ti lọ, ìyàwó ti kú. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn yìí, tí ó sì tún fẹ́ fi orin náà wọlé, ó ní ìgboyà ju tiwa lọ. Ave Maria ti Schubert pàápàá, ti 1825, orin ọmọbìnrin kan tó sá pamọ́ sínú ihò àpáta ni, láti inú ewì Walter Scott ará Scotland. Ṣùgbọ́n àdúrà ni ọmọbìnrin náà ń gbà, nítorí náà a kò bá a jà.

Àlùfáà wa kò jẹ́ kí a jiyàn púpọ̀. Wọ́n ní orin ìtàgé kò ní wọ inú Mísà, ṣùgbọ́n bí a bá dé gbọ̀ngàn àsè, ohun tó bá wù wá ni kí a lù. Wọ́n tún rán wa létí ohun tí a kò mọ̀: ní 1903, Póòpù Pius Kẹwàá ka ìlù àti dùùrù piano léèwọ̀ pọ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ní ọdún 1963 ni Àpéjọ Vatican Kejì wá sọ pé kí a bọ̀wọ̀ fún orin àbáláyé àwọn ènìyàn tí a mú ìhìn rere lọ bá, kí a sì fún un ní ààyè nínú ìsìn. Gángan tí a ń gbọ́ ní ọjọ́ ìsinmi lónìí, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí nígbà èwe ìyá àgbà.

Ọ̀rẹ́ kan gbà wá nímọ̀ràn pé kí a fi ọ̀rọ̀ Yorùbá sí orí Ave Maria ti Gounod, èyí tí a kọ lé orí iṣẹ́ Bach ti 1722. A dán an wò ní alẹ́ ọjọ́ kan, nínú kíláàsì tó ṣófo. Ibẹ̀ ni a ti mọ̀ pé iṣẹ́ ń bẹ. Èdè wa ní dò, re, mí tirẹ̀ kí akọrin tó la ẹnu. Ọkọ, re re ni. Bí orin bá gbé ìparí rẹ̀ sókè, ọkọ́ ni a ń gbọ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ó di ọkọ̀. Láàárín ìlà mẹ́rin péré, ìyàwó wa ti fẹ́ irinṣẹ́ oko, ó sì ti wọ mọ́tò lọ. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rín pátápátá ṣá. Ọ̀pọ̀ orin ìsìn tí àwọn bàbá wa gbà lọ́wọ́ àwọn míṣọ́nnárì ni wọ́n fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ kọ, tí wọ́n ń fi sùúrù túmọ̀ rẹ̀ nínú ọkàn wọn. Èyí ni Ekundayo Phillips, tó lu dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, rí. Ó kọ ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ó sì ń kọ orin tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Fela Sowande, tí a bí ní 1905, gba ọ̀nà kan náà, ó sì fi orin ìsìn Yorùbá ṣe iṣẹ́ ńlá fún dùùrù.

Ẹnìkan fi ìwé Oyígíyigì ti Sowande ránṣẹ́ sí wa láti Èkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lu dùùrù fún wa wò ó, ó mi orí. Dùùrù ńlá tí a ń fi ẹsẹ̀ lù pẹ̀lú ọwọ́ ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Tiwa, oníná kékeré ni, kò ní ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. A ní kí ó mú ohùn orin náà nìkan, kí ó lù ú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí a bá ń fọwọ́ sí ìwé. Ó gbà. Olórí ẹgbẹ́ akọrin, fúnra wọn, kọ orin tuntun kan ní Nàgó fún ìgbà ọrẹ, èyí tí ẹnìkan ń dá, tí ìjọ ń gbè, kò sì sí ọkọ kan tó di ọkọ̀ nínú rẹ̀. Iṣẹ́ Bach, láìsí ọ̀rọ̀, ni a yàn fún ìwọlé. Fún ìjáde, ìrìn tí Jeremiah Clarke ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ní nǹkan bí 1700, tí wọ́n lù níbi ìgbéyàwó Charles àti Diana ní 1981. A rí afunfèrè kan láti inú ẹgbẹ́ onífèrè idẹ.

A padà lọ sí Pobẹ̀, a sì kọ orin ọrẹ náà fún ìyá àgbà lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní ẹni tó kọ ọ́ mọ Nàgó sọ, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sáré tó bẹ́ẹ̀. A jíṣẹ́ náà fún olórí akọrin.

Wọ́n wá. Ìjókòó iwájú ni wọ́n wà, nígbà tí a dé ibi ègbè, ohùn wọn ṣáájú ti ìjọ. Bàbá ìyàwó gba Mendelssohn wọn ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ wọn tẹ̀ lé e títí dé ìjókòó. Àmọ́ nígbà tí fèrè Clarke dún, tí a ń jáde bọ̀, ìyá àgbà dì wá lọ́wọ́ mú, wọ́n bèèrè pé: «Ọba wo ló ń kọjá?» A dáhùn pé ọmọ ọba ilẹ̀ Denmark ni wọ́n kọ ọ́ fún. Wọ́n wo ẹ̀yìn wọn, wọ́n ní: «Ẹ sọ fún un kó dúró jẹun.»