Ìfura Kì í Ṣe Ìdí

Ọ̀pá ni àwọn bàbá wa rí lọ́wọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní ọlọ́pàá. Wọn kò pè é ní olùṣọ́ ìlú, wọn kò sì pè é ní agbèjà ẹni. Ohun tí ó fi ń na ènìyàn ni wọ́n fi dá a mọ̀. Ní Òṣogbo tí mo dàgbà sí, bí ọmọdé bá ń sunkún tí kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, "ọlọ́pàá ń bọ̀" ni ìyá rẹ̀ yóò fi pa á lẹ́nu mọ́. Nítorí náà, ní ọdún 2024, nígbà tí ìyá mi wá bá wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas, tí mo sì sọ fún un pé ìdánwò ìwé-àṣẹ ọlọ́pàá ni mo ń múra sílẹ̀ fún, ó wò mí títí, ó ní, "Ọkọ mi, ta ni ó ṣẹ̀ ọ́?"

Kò sí ẹni tí ó ṣẹ̀ mí. Olùkọ́ ni mo jẹ́ kí n tó kúrò nílé. Ní Houston, ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe ọdẹ òru ní ilé ìkẹ́rùsí kan, níbi tí owó oṣù kò ti tó nǹkan, tí kò sì sí ètò ìlera fún aya àti ọmọ. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ní ètò ìlera, ó sì ní owó ìfẹ̀yìntì. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ìlú bo èyí mọ́lẹ̀.

Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń pinnu ẹni tí ó lè ṣe ọlọ́pàá nínú rẹ̀. Ní Texas, àjọ tí wọ́n ń pè ní TCOLE ni iṣẹ́ yìí wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ìwé-àṣẹ yóò kọ́kọ́ lo wákàtí tí ó lé ní 700 ní ilé-ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Èmi lo tèmi ní alẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé, ó sì gbà mí tó oṣù mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni ìdánwò: 250 ìbéèrè, tí ènìyàn yóò mú ìdáhùn kan ṣoṣo nínú àwọn tí wọ́n kọ sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí kò bá gba 70 nínú ọgọ́rùn-ún ti fìdí rẹmi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n fún ènìyàn láàyè láti ṣe é. Bí ó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, yóò padà lọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá yege pàápàá kò tíì di ọlọ́pàá, àfi bí iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kan bá gbà á síṣẹ́. Owó ilé-ẹ̀kọ́ náà ti jẹ gbogbo ohun tí a fi pamọ́, ìyàwó mi sì wà nínú ìsinmi ìbímọ. Ẹ̀yin náà lè rí i pé kì í ṣe ìdánwò tí mo lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú.

Orí káàdì kékeré ni mo kọ ẹ̀kọ́ náà sí, ìbéèrè níwájú, ìdáhùn lẹ́yìn. Nígbà tí mo bá ti ibi iṣẹ́ òru dé ní ìdájí, ìyá mi ti jí, nítorí pé ara rẹ̀ kò tíì kúrò ní aago Nàìjíríà. Yóò jókòó sí ìdí tábìlì ilé ìdáná, yóò máa gbọ́ bí mo ṣe ń kùn. Ní ọjọ́ kẹta ó ní, "Kí ni ò ń pè bí ọfọ̀ yìí? Sọ ọ́ kí èmi náà gbọ́." Ìyá mi kò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì. Báyìí ni ó ṣe di pé gbogbo káàdì mi ni mo ní láti sọ ní Yorùbá kí n tó dùbúlẹ̀ sùn. Kò pẹ́ tí mo fi rí i pé ìlànà tí n kò bá lè là yé e, mo kàn há a sórí ni.

Orí ọ̀rọ̀ olè ni a ti bẹ̀rẹ̀. Òfin Texas ya theft, burglary àti robbery sọ́tọ̀, ìdánwò sì fẹ́ràn láti fi wọ́n dẹ pàkúté. Àwọn tí wọ́n bí sí Texas gan-an a máa kó wọn pọ̀, nítorí pé ẹni tí wọ́n jà lólè nígbà tí kò sí nílé yóò sọ lẹ́nu ojoojúmọ́ pé wọ́n "rob" òun. Yorùbá ti yà wọ́n tipẹ́tipẹ́. Àfọwọ́rá kì í ṣe kọ́lékọ́lé, kọ́lékọ́lé kì í ṣe adigunjalè. Ìyá mi tún fi jàgùdà àti gbéwiri kún un láìbéèrè. Ibì kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ti há. Mo ní ní Texas, ẹni tí ó bá wọ ilé onílé láìgbàṣẹ nítorí àtilu ènìyàn nínú rẹ̀ ti jẹ̀bi burglary.

"Kí ni ó kó?"

"Kò kó nǹkan kan, Màámi."

"Kò kó nǹkan kan, ẹ wá ń pè é ní kọ́lékọ́lé?" Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ fi jí. Láti ọjọ́ náà, n kò tún ṣi ìbéèrè yẹn dáhùn mọ́.

Ibi tí ó le jù ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín reasonable suspicion àti probable cause. Gbogbo iṣẹ́ ọlọ́pàá Amẹ́ríkà ni ó dúró lórí ìpele méjì yìí. Ti àkọ́kọ́ fún ọlọ́pàá ní àṣẹ láti dá ènìyàn dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ó sì bi í léèrè ọ̀rọ̀. Èkejì ni ó fún un ní àṣẹ láti mú un. Mo pe ti àkọ́kọ́ ní ìfura tí ó ṣe é ṣàlàyé, mo pe èkejì ní ìdí tí ó tó mú ènìyàn, ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀kan parí sí tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀ kò hàn. Mo wá sọ ẹjọ́ Terry fún un, èyí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ní ọdún 1968. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan ní Cleveland rí àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ níwájú ṣọ́ọ̀bù kan, tí wọ́n ń yọjú wo inú rẹ̀ léraléra. Ó dá wọn dúró, ó fọwọ́ pa aṣọ wọn, ó sì bá ìbọn níbẹ̀.

Ìyá mi ta àdìrẹ fún ohun tí ó lé ní ọgbọ̀n ọdún. Kò ronú rárá kí ó tó dáhùn. "Bí ẹnìkan bá kọjá níwájú ìsọ̀ mi lẹ́ẹ̀mẹta tí kò béèrè iye tí aṣọ jẹ́, mo máa sún aṣọ mi mọ́ra, mo sì máa bi í pé, 'Kí lẹ fẹ́ o?' Ṣùgbọ́n mi ò lè pariwo olè lé e lórí. Àfi tí mo bá rí aṣọ mi lábẹ́ abíyá rẹ̀." Mo kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹ̀yìn káàdì náà. Ọ̀pọ̀ wákàtí ni olùkọ́ wa fi sọ ọ́ fún wa ní kíláàsì, kò sọ ọ́ dáadáa tó bẹ́ẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo káàdì ni a fi rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1974, ní Memphis, ọlọ́pàá kan yìnbọn pa Edward Garner, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí kò ní ohun ìjà lọ́wọ́, nígbà tí ó ń gun ọgbà sá lọ. Àpò obìnrin kan àti dọ́là mẹ́wàá ni wọ́n bá lára rẹ̀. Ní ọdún 1985 ni Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ wá sọ pé ọlọ́pàá kò gbọdọ̀ yìnbọn pa ẹni tí ó ń sá lọ, àfi bí ó bá ní ìdí láti gbà pé ẹni náà lè pa ènìyàn tàbí kí ó ṣe é léṣe gidigidi. Ìyá mi ṣírò ọdún náà lórí ìka. "Ọdún mọ́kànlá kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Ìyá ọmọ náà ń kọ́?" Ìdánwò kò bi wá ní èyí.

Ẹjọ́ Graham ni ó gbé lọ́kàn jù, nítorí pé òun náà ní àtọ̀gbẹ. Ní North Carolina ní ọdún 1984, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ Dethorne Graham ń lọ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kí ó lè ra omi ọsàn. Ó bá èrò púpọ̀ lórí ìlà, ó sáré jáde. Ọlọ́pàá kan rí eré tí ó sá, ó fura, ó dá ọkọ̀ wọn dúró. Wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é, ẹsẹ̀ rẹ̀ kán, nígbà tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ mìíràn sì gbé omi ọsàn wá, wọn kò jẹ́ kí ó mu ún. Kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù náà. Láti inú ẹjọ́ yìí, ní ọdún 1989, ni òṣùwọ̀n tí a fi ń wo agbára tí ọlọ́pàá lò ti jáde: kí a wò ó bí ọlọ́pàá tí orí rẹ̀ pé, tí ó wà níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú náà, yóò ti wò ó, kì í ṣe bí ẹni tí ó mọ ìgbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Ó kéré tán, ìbéèrè mélòó kan yóò wá láti inú èyí, mo sì mọ ìdáhùn wọn. Ṣùgbọ́n láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà títí tí ó fi padà sílé, ìyá mi kò jáde nílé wa láìfi ìgò omi ọsàn kékeré sínú báàgì.

Nígbà tí a dé orí ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, tí ẹjọ́ Miranda ti ọdún 1966 sọ di ohun tí ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ sọ fún ẹni tí ó wà ní àhámọ́ kí ó tó bi í léèrè ọ̀rọ̀, mo ní òfin Nàìjíríà náà ní i: abala karùndínlógójì ìwé òfin ọdún 1999 sọ ọ́ kedere. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ ohun tí n kò gbọ́ rí. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méje, ẹnìkan fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sun ní tẹ́ṣàn kan nítorí gbèsè. Wọn kò bá àbúrò nílé, òun ni wọ́n gbé. Ó sun oorun méjì lórí sìmẹ́ńtì. Lónìí wọ́n ti kọ ọ́ sára ògiri ọ̀pọ̀ tẹ́ṣàn pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ní ọjọ́ náà, owó ọjà rẹ̀ ni bàbá mi kó lọ kí wọ́n tó jẹ́ kí ó máa bọ̀. Wọ́n sọ fún èmi pé ó lọ ra ọjà ní Abẹ́òkúta.

Mo sọ fún un pé òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2015 ti ka irú rẹ̀ léèwọ̀, pé a kò gbọdọ̀ mú ẹnìkan dípò ẹlòmíràn. Pé òfin ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sì tún sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán.

"Ó dára," ni ó wí. "Ta ni ó bi àwọn tí ó wà nídìí káńtà ní ìbéèrè yẹn kí wọ́n tó fún wọn láṣọ?"

N kò rí èsì. Láti ọjọ́ pípẹ́ ni mo ti ń ka àríyànjiyàn lórí ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, pàápàá láti ìgbà tí wọ́n dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní ọdún 2020. Ta ni yóò pàṣẹ fún wọn, ta ni yóò san owó wọn, ṣé gómìnà kò ní fi wọ́n lé alátakò: ìbéèrè tí ó tọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kí n tó rí ẹni tí ó béèrè ohun tí kọ́ńsítébù náà gbọ́dọ̀ mọ̀, àti ẹni tí yóò gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ bí kò bá mọ̀ ọ́n. N kò sọ pé ìdánwò ń sọ ènìyàn di ènìyàn rere. Houston ni George Floyd dàgbà sí. Ọlọ́pàá tí ó fi eékún tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn ní Minneapolis ní ọdún 2020 ní ìwé-àṣẹ ìpínlẹ̀ tirẹ̀, àwọn tí wọ́n dúró tì í náà sì ní in. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2021, ni Texas ṣe òfin pé ọlọ́pàá tí ó bá rí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ń lo agbára ju bí ó ti yẹ lọ gbọ́dọ̀ dá a lẹ́kun. Káàdì kan ni èyí jẹ́ lára àwọn káàdì mi. Ìdáhùn rẹ̀ rọrùn láti mú lórí kọ̀ǹpútà.

Mo ṣe ìdánwò náà ní oṣù kọkànlá, mo sì yege ní ìgbà àkọ́kọ́. Ìyá mi ti padà sílé nígbà náà. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Houston gbà mí.

Káàdì kan wà tí a kò fi bẹ́ẹ̀ jíròrò lé lórí, ẹjọ́ Rodriguez ti ọdún 2015. Ọlọ́pàá kan ní Nebraska ti kọ ìwé ìkìlọ̀ fún awakọ̀ kan tán, ó wá dá a dúró fún ìṣẹ́jú méje tàbí mẹ́jọ sí i kí ajá lè gbóòórùn ọkọ̀ rẹ̀. Ajá náà rí oògùn olóró. Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní ohun tí ajá rí kọ́ ni ọ̀rọ̀; bí iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá ọkọ̀ dúró bá ti parí, a kò gbọdọ̀ fi kún àkókò náà láìní ìfura tí ó ṣe é ṣàlàyé. "Ìṣẹ́jú méje," ni ìyá mi wí, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ó ti dúró fún wákàtí mẹ́ta lójú ọ̀nà Ìbàdàn.

Ní oṣù kẹta tí mo ti ń dá nìkan gbọ́dè òru, mo dá ọkọ̀ kan dúró nítorí iná ẹ̀yìn tí kò tàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì wò mí lójú. Ìwé ọkọ̀ rẹ̀ pé, ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ pé, orúkọ rẹ̀ mọ́ nínú kọ̀ǹpútà. Mo bi í bóyá mo lè wo inú bùùtù, ó ní rárá. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà, mo wá ohun tí mo lè kọ sílẹ̀ yàtọ̀ sí ọwọ́ tí ń gbọ̀n, n kò rí i. Ọwọ́ tèmi náà a máa gbọ̀n nígbà tí mo bá rí ọlọ́pàá. Mo fún un ní ìwé ìkìlọ̀, mo dá ìwé rẹ̀ padà, mo ní kó máa lọ. Títí di òní n kò mọ ohun tí ó wà nínú bùùtù náà.