Kí Odídẹrẹ́ Má Kùú sí Oko Ìwájẹ

(Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Ìwó, lẹ́yìn ìrun alẹ́. Làmídì, ẹ̀gbọ́n, kò fi ilé sílẹ̀ rí. Ràímì, àbúrò rẹ̀, ṣòwò ní Mọ̀nróvíà títí ogun fi lé e, ó sì pẹ́ lẹ́yìn náà kí ó tó darí wálé.)

LÀMÍDÌ: Ràímì, ọmọ Olódò Ọbà, ọjọ́ kẹjọ rèé tí o ti dé, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ilé-ẹ̀kọ́ kan tí o kò tíì wọ̀ láti sọ ọ̀rọ̀ ogun Làìbéríà. Àwọn tó kú ti kú, ilẹ̀ ti jẹ wọ́n. A kì í fi ọ̀rọ̀ ẹnu jí òkú. Kí ni o ń wá gan-an?

RÀÍMÌ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi. Lọ́jọ́ tí mo ń lọ, àdúrà wo ni ẹ gbà fún mi?

LÀMÍDÌ: Èyí tí à ń gbà fún gbogbo arìnrìn-àjò: kí odídẹrẹ́ má kùú sí oko ìwájẹ, kí ojú má baà ti ará Ìwó.

RÀÍMÌ: Gbogbo Yorùbá ló ń gbà á, àwa ni wọ́n sì dárúkọ nínú rẹ̀. Ẹyẹ wa yìí kan náà ni wọ́n ń pè ní ayékòótọ́, nítorí pé ohun tí ojú rẹ̀ bá rí ni ẹnu rẹ̀ ń sọ, yálà ó dùn mọ́ onílé nínú tàbí kò dùn mọ́ ọn. Nígbà tí ogun tí Charles Taylor, olórí ọlọ̀tẹ̀, gbé wọ ilẹ̀ Nimba ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá, 1989 fi máa dé bèbè Mọ̀nróvíà, èdè abínibí ènìyàn ti di ìdájọ́ ikú: àwọn ọmọ ogun Ààrẹ Doe ń wá Gio àti Mano, àwọn ti Taylor ń wá Krahn àti Mandingo, wọn a dá èrò dúró lójú ọ̀nà, wọn a ní kí o sọ èdè ìyá rẹ, ohun tí ahọ́n rẹ bá sì gbé jáde ni yóò sọ bóyá o ó kọjá tàbí o ó sùn síbẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje, 1990, àwọn ọmọ ogun ìjọba wọ ṣọ́ọ̀ṣì Lutheran St. Peter ní Sinkor, níbi tí àwọn tó sá àsálà sùn sí, tọmọdé tàgbà, wọ́n sì pa nǹkan bí 600. Nígbà tí ECOMOG, ọmọ ogun àpapọ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Nàìjíríà ṣáájú, gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹjọ, orí àwa ọmọ Nàìjíríà náà di ohun àwárí. Àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Krees Imodibie àti Tayo Awotusin, lọ síbẹ̀ kí wọ́n lè wá sọ ohun tí ojú wọn rí. Wọn kò padà.

LÀMÍDÌ: Ínnà lílláhì! Síbẹ̀, ogun tiwọn ni. Ẹrù tiwa wà lórí, a kò rí ẹni bá wa sọ̀ ọ́.

RÀÍMÌ: Ta ló kọ́ ilé yìí?

LÀMÍDÌ: Baba ńlá wa, nígbà tí ogun tú Ọ̀yọ́ Ilé tí ó sá wá síhìn-ín.

RÀÍMÌ: Bí Olúwo ìgbà náà bá ti sọ pé ogun tiwọn ni ńkọ́?

(Làmídì dákẹ́.)

Ní Òrù, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n ṣe ibùdó fún àwọn ará Làìbéríà ní 1990. Èmi a máa gbé ìrẹsì lọ tà níbẹ̀, ibẹ̀ ni mo sì ti bá oníbàárà mi àtijọ́ pàdé, obìnrin Mandingo, mùsùlùmí bíi tiwa, tí àwọn ará Taylor lé kúrò ní ìlú rẹ̀. Ọdún mẹ́tàlá ni ó fi di ẹrù tí kò gbé. Ní oṣù Kẹjọ 2003, a gbọ́ pé Nàìjíríà ti gba Taylor sí Kàlàbá: ilẹ̀ tó fún un ní àgọ́ ni ó fún ẹni tó lé e ní ilé. Obìnrin náà kú ní ọdún kejì rẹ̀, ọwọ́ mi sì wà nínú àwọn tó sin ín. Odídẹrẹ́ kú sí oko ìwájẹ, Ẹ̀gbọ́n, ojú sì tì mí.

Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò wí fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. A dákẹ́ lórí Làìbéríà, iná náà ràn dé Sierra Leone, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tí Taylor ń ràn lọ́wọ́ sì ṣá ọmọ Nàìjíríà méjì, David Anyaele àti Emmanuel Egbuna, lọ́wọ́. Àwọn méjì yìí ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ ní Àbújá ní 2004 pé kí a má fi abẹ́ òrùlé wa bo Taylor mọ́. Àwọn mìíràn gbà á lẹ́nu wọn, ariwo náà kò rọlẹ̀. Ní 2006, ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ní ẹnubodè Kamẹrúùnù. Ní 2012, wọ́n dá a lẹ́wọ̀n ọdún 50. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Sierra Leone nìyẹn. Ti obìnrin tí mo sin ní Òrù, kò sí ilé-ẹjọ́ tí ó tíì bi Taylor léèrè rẹ̀. Ìdí rèé tí ẹnu mi kò fi dákẹ́.

LÀMÍDÌ (lẹ́yìn ìgbà díẹ̀): Kí ni orúkọ ìlú obìnrin náà?

RÀÍMÌ: Ganta.

LÀMÍDÌ: Tún un pè. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán lọ́la, èmi ni n óò kọ́kọ́ dìde sọ ọ́, n kò sì fẹ́ ṣì í pè.