Ìdérí Ìgò Tí Mo Kọ̀

Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí.

Lọ́jọ́ ìkórè wa tó kọjá, arábìnrin kan gbé yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn sórí tábìlì básà. Ó rẹwà gan-an. Ìgbà tí mo mú un wò dáadáa ni mo rí i pé ìdérí ìgò ọtí ni. Inú bí mi. Mo ní, "Kó èyí kúrò níwájú Olúwa!" Ó ní, "Dádì, ẹ má bínú, ilẹ̀ ni mo ti ṣà wọ́n, n ò mu ún o." Mi ò gbọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀ sínú báàgì. Láti ọjọ́ yẹn, mi ò rí i ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ẹ sì mọ àwa Ìjẹ̀bú. Tó bá di Ojúde Ọba, iyùn la mọ̀. Ta ló máa wo ìdérí ìgò lẹ́ẹ̀mejì?

Lọ́sẹ̀ yìí, ọmọ mi fi iṣẹ́ El Anatsui hàn mí lórí fóònù. Ọmọ Gánà ni, ṣùgbọ́n ọdún 1975 ló ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì Nsukka níbí. Lẹ́bàá Nsukka ló ti rí àpò kan nínú igbó, ìdérí ìgò ọtí ló kún inú rẹ̀. Ó gbé e lọ sílé. Nígbà tó yá, òun àtàwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ tẹ irú ìdérí bẹ́ẹ̀ pẹlẹbẹ, wọ́n fi wáyà bàbà gán ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn pọ̀, ó wá dà bí aṣọ tí ọba ń dà bora. Lọ́dún 2015, wọ́n fún un ní Kìnnìún Wúrà ní Venice, ní Ítálì. Lọ́dún 2023, wọ́n gbé iṣẹ́ rẹ̀ kọ́ sí gbọ̀ngàn ńlá Tate Modern ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ẹnu mi wọhò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí tipẹ́ mọ̀ pé kí n tó di pásítọ̀, èmi gan-an ni mo máa ń ṣí ìgò yẹn. Ẹ̀gbẹ́ gọ́tà ni Jésù ti ṣà mí. Ká ní ibi tó ti bá mi ló wò ni, ta ni ì bá máa wàásù fún yín?

Ọtí ṣì burú o, mi ò yí ìyẹn padà. Àmọ́ kí ni ìdérí ṣe?

Lánàá, mo lọ sílé arábìnrin yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ lójú ìyá rẹ̀. Ó ní, "Dádì, mo ti gbọ́." Kò tíì sọ pé òun ń bọ̀. Mo ra yẹtí kan fún Mọ́mì, wọ́n á wọ̀ ọ́ wá sí ìsìn lọ́la. Tẹ́ ẹ bá rí arábìnrin wa, ẹ má bi í pé kí ló dé. Ẹ ṣáà kí i káàbọ̀.

Ohun tí ayé ti jù nù nínú ọ̀rọ̀ rẹ, Olúwa á fi ṣe ẹ̀ṣọ́ lórúkọ Jésù. Tó o bá gbà á gbọ́, tẹ ÀMÍN.