Àwo Kún, Ebi Ń Pa Ẹyẹ

Ọjọ́ kejì rèé tí àwọn ológoṣẹ́ méjì náà dé ilé bàbá àgbà kan ní Aṣáfò, nílùú Kumasi. Wọ́n ká jọ sí igun àgò, ìyẹ́ wọn wú bíi ti ẹyẹ tí òtútù mú.

"Bàbá, ẹ wò ó, oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀," ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ wí.

Bàbá fi ẹnu fẹ́ atẹ́gùn sínú àwo náà. Èèpo jéró lásán ló fò lọ. Ọkà bàbà tí ọmọ náà fi kún un nìkan ló kù.

"Wọ́n ti jẹ èyí tí wọ́n mọ̀ tán. Àjèjì ni èyí tó kù. Bí ẹyẹ tó kéré báyìí kò bá jẹun fún odidi ọjọ́ kan, ó lè kú."

Kíá ni wọ́n lọ ra jéró. Láti ìgbà náà, díẹ̀díẹ̀ ni Bàbá ń da ọkà bàbà fífọ́ mọ́ jéró náà. Ó gbé àgò kúrò lójú ọ̀nà àti nítòsí èéfín ìdáná, ó gbé e ti ògiri, ó sì fi aṣọ bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, àfi ẹni tó ń pààrọ̀ omi láràárọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ṣa ọkà náà jẹ níṣojú ọmọ náà.

Òun fúnra rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé, kẹ́ńkẹ́ kò sì tíì wọ̀ ọ́ lọ́fun. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá gbé ẹ̀kọ sí àwo rẹ̀, ó gé kẹ́ńkẹ́ bíńtín sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò sì sọ nǹkan kan. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó tọ́ ọ wò.