Gíláàsì Ìyá Wa

Aṣọ Ankara ni ìyá wa ń tà ní Tẹ́júoṣó. Ó ti wà níbẹ̀ kí iná tó jó ọjà náà ní 2007, ó sì padà síbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí ọjà tuntun ní 2014. Àwa ọmọ rẹ̀ méjì, tí a jọ ń kọ software nínú yàrá kan ní Yábà, la máa ń ra gíláàsì fún un.

Nígbà tó kọ́kọ́ sọ pé òun ò ríran dáadáa mọ́, a mú un lọ bá ọ̀gbẹ́ni kan tó to gíláàsì sórí tábìlì lẹ́bàá títì. Ọkùnrin náà yọ tọ́ọ̀ṣì kékeré kan tó ń tan iná búlúù, ó tàn án sára páálí. Lẹ́yìn náà ló fi gíláàsì dí i. Iná náà ò kọjá mọ́.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Blue cut orígínà nìyẹn! Anti-glare náà wà lára ẹ̀."

Ẹnu yà wá, a sanwó. Láàárín ọdún méjì, a ra mẹ́ta.

Irọ́ kọ́ ni ọkùnrin náà pa o. Iṣẹ́ gidi wà lára irú gíláàsì bẹ́ẹ̀. Gíláàsì lásán máa ń dá nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìmọ́lẹ̀ padà níwájú, ó sì tún máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí iná fi máa ń tàn lójú ẹni tó wọ gíláàsì nínú fọ́tò. Kí ó má baà rí bẹ́ẹ̀, wọ́n á fi nǹkan bíi magnesium fluoride bò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bíi nanometre 100 péré. Irun orí nípọn jù ú lọ ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ìgbà. Ìmọ́lẹ̀ kan á ta padà láti òkè kótìn yìí, òmíràn á ta padà láti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ìgbì omi ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn: bí ti àkọ́kọ́ bá ń gòkè, ti èkejì á máa sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n á pa ara wọn, èyí tí ì bá ta padà á sì gba inú gíláàsì kọjá. Alexander Smakula, tó ń ṣiṣẹ́ ní Zeiss ní Jámánì, ló gba ìwé àṣẹ lórí irú kótìn yìí ní 1935.

Ti tọ́ọ̀ṣì yẹn ńkọ́? Ìmọ́lẹ̀ irú rẹ̀ sábà máa ń wà ní bíi nanometre 405, nígbà tí búlúù ojú fóònù wà ní bíi 450. Ohun tí wọ́n dí lójú wa yàtọ̀ sí ohun tí fóònù ń tàn.

Kò sì sí kótìn tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ẹyinjú. Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ Màrúwá kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá Màmá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, tó ní òun ò rí i rárá, ni ẹ̀rù bà wá.

Nílé ìwòsàn ojú, wọ́n ní kó gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní OCT. Àwọn David Huang àti James Fujimoto ní MIT ló kọ́kọ́ gbé e jáde ní 1991. Ibẹ̀ la ti pàdé ìbátan kótìn Tẹ́júoṣó: beam splitter, ìyẹn dígí tí wọ́n kùn kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ lè kọjá, kí ìdajì sì ta padà. Nínú ẹ̀rọ òde òní, fáíbà ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ dígí náà. Ìmọ́lẹ̀ kan wọ ojú Màmá, èkejì lọ bá dígí mìíràn, àwọn méjèèjì padà wá pàdé. Bí wọ́n ṣe pàdé ló ń sọ bí ibi tí ti àkọ́kọ́ dé ṣe jìn tó, títí dé bíi micron 5. Fourier transform, tí a sá fún ní yunifásítì, ló sọ ọ́ di àwòrán.

Pupa pọ̀ jù nínú àwòrán náà. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ti ń jẹ.

"Gúlákómà ni, Mà," dókítà sọ. "Èyí tó ti lọ ò lè padà. Ẹ jẹ́ ká di èyí tó kù mú."

Ó wá yíjú sí wa. "Ẹ̀yin ọmọ ńkọ́? Ṣé wọ́n ti yẹ ojú yín wò?"

A dákẹ́. Àrùn náà máa ń rìn nínú ìdílé, ó máa ń mú àwa aláwọ̀ dúdú gan-an, kì í sì í sábà dunni níbẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé àgbọ̀n yín síbẹ̀ jàre," Màmá wí.

Ojú ẹnì kan nínú wa mọ́. Wọ́n ní kí ẹnì kejì padà wá lóṣù mẹ́fà.

A ṣì ń ra gíláàsì ní Tẹ́júoṣó. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ inú ojú yín wò kí ẹ tó ra èyí tó ń dán. Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ báyìí, fóònù wa méjèèjì máa ń dún: oògùn ojú Màmá ti tó kán.