Orúkọ Mi Tí Téèpù Gbé Mì

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, nígbà tí ọ̀gá wa ń fẹ̀yìn tì, ẹ̀rọ ayàwòrán méjì ni mo rí háyà: HDV àti DVCPRO HD. HDV ni mo mú, nítorí kò wọ́n. Mẹ́gábíìtì 25 ni ó ń kọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan; èkejì ń kọ 100, àwòrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan sì dá dúró. Ní HDV, àwòrán 12 tàbí 15 ni agbo kan. Ọ̀kan péré ni ó pé, ìyókù ń gbára lé e. Bí téèpù bá lábùkù níbẹ̀, gbogbo agbo náà bàjẹ́.

Ọ̀gá súre fún wa lórúkọ-lórúkọ. Nígbà tí ó kan orúkọ mi, àwòrán dì, ohùn dákẹ́. Baba ti di olóògbé báyìí. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ohun tí a kò lè rí lẹ́ẹ̀kejì, ẹ má ṣe ṣọ́ owó ná lórí rẹ̀.